Àmù Ìyá Àgbà Felísítà Létí Ọ̀nà Mórétàn

Kí wọ́n tó dí odò Mónò ní Nangbéto, àwọn ẹnjiníà kọ́kọ́ wá bẹ ìyá àgbà mi. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sinmi omi pípọn fún ìgbà díẹ̀, kí adágún wa lè kún." Ìyá àgbà mi ronú sí i, ó fi ọwọ́ nu imú, ó ní òun ò lè sinmi, ṣùgbọ́n òun á dín in kù. Bí adágún Nangbéto ṣe kún nìyẹn, tí àwọn apẹja fi ń rí ẹja pa níbẹ̀ títí dòní. Bí iná mànàmáná bá ń tàn nílé yín, ìyá àgbà mi ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi odò léèrè.

Èmi Kòfí ni mo ń kọ èyí. Arúgbó ni mí, eyín tó kù sí mi lẹ́nu ò lè fọ́ ẹ̀pà mọ́, síbẹ̀ mo ṣì ní ìyá àgbà láyé títí di àìpẹ́ yìí. Ọmọdébìnrin ni nígbà tó bí ìyá mi, ọmọdébìnrin ni ìyá mi náà nígbà tó bí èmi. Bí arúgbó ṣe ń bá arúgbó gbé nínú ilé kan nìyẹn, tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó máa jókòó síbi tí a ti ń yá oòrùn àárọ̀. Lékọ́ọ̀lù, ilé ìwé àwọn Faransé, mi ò jìnnà. Tíṣà lé mi lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé erin ló jẹ ìwé mi. Yorùbá tí mo fi ń kọ̀wé yìí, ọ̀dọ̀ Alájì kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Àtàkpàmé ni mo ti kọ́ ọ; èdè Ifẹ̀ tiwa níbí là ń sọ nílé. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ti Alájì ni.

Lọ́jọ́ tí a sin ìyá àgbà, Fadá wa tuntun, ọmọdé kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà, dúró níwájú pósí. Ó ní kí á má sunkún, ó ní Felísítà ti ru omi rẹ̀ dé ọ̀run, àwọn áńgẹ́lì ti ń fi igbá bù ú mu. Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Ìyá Yáwà, aládùúgbò wa, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Kì í ṣe omi ló gbé e débẹ̀ o, Kòfí. Oore-ọ̀fẹ́ ni." Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà tó sì rí i tó wọlé. Obìnrin tó wà nínú pósí yẹn, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún òun. Ẹ̀rù bà á títí tó fi kú. Mo mọ̀ ọ́n, torí èmi ni mo wà nítòsí. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ilé wa, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀nà tó lọ sí ọjà Mórétàn gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, kó tó gun òkè. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń rìn nígbà náà. Àwọn obìnrin á ru iṣu, wọ́n á ru èédú, wọ́n á ru gàrí, ọmọ á wà lẹ́yìn, wọ́n á sì máa sáré ṣáájú oòrùn. Ní ìsàlẹ̀ òkè yẹn, lábẹ́ igi máńgò, ni ìyá àgbà gbé àmù rẹ̀ sí. Àmù amọ̀ ńlá ni. Ó ri ìdí rẹ̀ mọ́ inú iyanrìn kí omi lè tutù, ó fi pákó dé e, ó da igbá dé orí pákó. Ẹni tó bá ń kọjá á sọ ẹrù, á mu, á da igbá dé padà, á gun òkè lọ. Kò sí ẹni tó ń dúpẹ́, torí ọ̀pọ̀ ò mọ ẹni tó ni ín. Odò tó ti ń pọn omi wà ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, òkúta ni ọ̀nà rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Bí ó bá ti ń bọ̀ láti ibẹ̀, ọrùn rẹ̀ á nà gbọnrangandan, omi ò ní kán sí i lára. Mo ti rí i tó ru ìkòkò kún bámúbámú, tó bẹ̀rẹ̀, tó mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀, tó tún dìde. Bí ẹ bá ní kì í ṣe abẹ́rẹ́, ó dáa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìṣó.

Ó ní òfin kan tí Fadá kankan ò kọ́ ọ. Kì í fi omi kan ẹnu láàárọ̀ títí àlejò kan á fi mu nínú àmù yẹn. Ará ilé ò kà, aládùúgbò ò kà. Àlejò ni. Á jókòó sídìí ògiri, á máa bó ẹ̀gẹ́, ojú rẹ̀ á wà lábẹ́ igi máńgò. Tí ẹnì kan bá ti ṣí igbá, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, ìyá àgbà á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, á wọlé lọ mu tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ọjà Mórétàn ò ná, tí ọ̀nà dá pátápátá, mo bi í pé, "Ìyá Àgbà, bí ẹnì kankan ò bá wá kọjá ńkọ́?"

Ó ní, "A jẹ́ pé òùngbẹ á gbẹ èmi àti òun pa pọ̀ nìyẹn."

Mo ní, "Òun wo?" Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Òun àti Ìyá Yáwà kì í fẹ́ràn ara wọn, wọn kì í sì í lè jìnnà síra wọn. Yáwà kéré sí i púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò kéré. Gbogbo ìgbà tó bá ti ìsìn dé, ilé wa ló máa gbà kọjá, kó lè wá fi ohun tí pásítọ̀ wọn sọ gún ìyá àgbà nídìí. Mo máa ń sún àpótí mi súnmọ́ wọn, torí kò sí eré tó dùn tó o nínú abúlé wa.

"Ìyá Felísítà, ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni. Ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run ní kó jẹ́. Ta ló ń ṣe làálàá nítorí ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Yáwà, iyán tí o jẹ lánàá, oore-ọ̀fẹ́ ló gún un?"

"Ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà, Ìyá. Olè tí wọ́n kàn mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù, odò wo ló lọ? Àmù ta ló kún? Ọ̀rọ̀ kan ló sọ, wọ́n ní kó máa bọ̀."

Mo ní, "Ìyá Yáwà, ẹ gbá a wọlé!" Mo rò pé eré ti parí.

Ìyá àgbà gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó ní, "Olè yẹn, wọ́n ti kan ọwọ́ rẹ̀ mọ́ igi. Kí ló tún fẹ́ fi ọwọ́ ṣe? Tèmi rèé." Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ọyẹ́. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dá ṣáká kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà olè wọlé."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Yáwà pòṣé, ó lọ. Nígbà tí mo nu ojú mi tán ni mo rí i pé ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì na ọwọ́ náà síwájú, ó ń wò ó.

Ìyá mi ló sọ ìdí àmù yẹn fún mi, kí òun náà tó kú. Mo lọ bi ìyá àgbà, kò sì sẹ́. Ibi tí mo dé yìí, mi ò fi iyọ̀ kankan sí i.

Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìyá mi ni. Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn títí odò fi gbẹ kan òkúta, ihò ni wọ́n ń gbẹ́ sínú iyanrìn odò kí wọ́n tó rí omi pupa díẹ̀. Ìkòkò omi kan ló wà nílé, ó sì wà fún ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Obìnrin kan ti Mórétàn dé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi." Ìyá àgbà ní kò sí. Obìnrin náà wo inú ilé, ó rí ìkòkò. Ìyá àgbà rí i pé ó rí i. Obìnrin náà ní, "Ó dáa, Ọlọ́run á pèsè," ó yí padà, ó gun òkè lọ. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọdẹ bá a níbi tó jókòó sí lẹ́yìn òkè. Òun wà láàyè. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú, òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀, ó ṣì ń kọrin fún un.

Bóyá òùngbẹ ló pa ọmọ yẹn, bóyá ibà ni, ta ló máa mọ̀? Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà á wò mí bí ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ erin tó jẹ ìwé. Obìnrin náà gba iwájú ilé wa kọjá nígbà tí wọ́n ń sìn ín padà. Kò bú u, kò wo ibẹ̀. Ìyá àgbà sọ fún mi pé, "Ìbá ṣépè fún mi, ìbá sàn fún mi."

Ó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Fadá òyìnbó tó wà níbí nígbà náà. Ó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún èyí tó rọ́pò rẹ̀. Kò sí Fadá tuntun tó dé tí kò gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ilẹ̀ yìí ni, tó jẹ́ ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ jáde, bínú lẹ́yìn Míísà, ó ní, "Ìyá Felísítà, Ọlọ́run ti gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń rán an létí!"

Ìyá àgbà kúnlẹ̀, ó ní, "Fadá, Ọlọ́run ti dárí jì mí, mo gbà. Òùngbẹ obìnrin yẹn ńkọ́, ta ló pa á?"

Ní báyìí, ohun tí gbogbo abúlé fi mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ṣì fi ń bú u títí dòní. Ó ti dàgbà nígbà yẹn, èmi náà ti ní ọmọ. Ọ̀dá wà. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ń bọ̀, òjò ò sì tíì rọ̀, wọ́n ti ń jà lórí omi nídìí odò. Àmù ìyá àgbà nìkan ni kì í gbẹ, torí ó ń lọ jókòó sí etí ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú odò, ó ń fi igbá kékeré bu omi bó ṣe ń sun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó jẹ́ pé ó ti hú àmù jáde nínú iyanrìn kó lè fọ̀ ọ́, òjò dé lójijì. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ewúrẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà bọ́ṣọ, wọ́n ń jó. Nígbà tó dá, àmù tó wà ní ṣíṣí lábẹ́ máńgò ti kún dé ẹnu. Omi mímọ́ gaara, ewé máńgò kan ló ń léfòó lórí rẹ̀.

Katikíìsì wa, Bẹ̀nuà, ló kọ́kọ́ rí i. Ó pe gbogbo wa. Ó gbé ọwọ́ sókè bí Bíṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo ohun tí mo ti ń wàásù rẹ̀ fún yín! Ta ló pọn èyí? Ẹsẹ̀ ta ló rìn ín? Oore-ọ̀fẹ́ nìyí, ó kún, ó ń ṣàn sílẹ̀!" Àní Ìyá Yáwà, tí kì í gbọ́ ohùn katikíìsì Àgùdà, ó pàtẹ́wọ́.

Ìyá àgbà ti inú ilé jáde. Ó la àárín wa kọjá, ó bojú wo inú àmù, ó yọ ewé máńgò náà. Ó wá di ẹnu àmù mú, ó tì í, ó dà á nù. Gbogbo rẹ̀. Sórí ẹsẹ̀ wa.

Ariwo ta. Ẹnì kan ní, "Ìyá yìí, ṣé orí yín pé? Nínú ọ̀dá!" Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ẹrẹ̀ sínú igbá. Katikíìsì ní, "Màmá, omi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ rọ̀ sí i! Ẹ da oore-ọ̀fẹ́ nù sílẹ̀!"

Ìyá àgbà ká òṣùká lé orí. Ó ní, "Bẹ̀nuà, mo nu imú rẹ nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́, nítorí náà gbọ́ mi. Ọlọ́run kò fi omi du obìnrin yẹn. Èmi ni." Ó gbé ìkòkò, ó forí lé odò.

Òkúta ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Ó ṣubú ní àbọ̀ ọ̀nà, egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Àtàkpàmé lórí ilẹ̀kùn, gbogbo ọ̀nà ló sì fi ń bi wá bóyá omi wà nínú àmù. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi ọ̀pá rìn. Kò lè ru ìkòkò mọ́, ó wá ń fi akèrègbè kékeré pọn ọ́n, á lọ á bọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́ gún régé. Wọ́n gbẹ́ pọ́ǹpù sáàárín abúlé, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó lọ dán an wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lágbára tó. Àwọn ọ̀dọ́ ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ fún yín." Ó kí wọn dáadáa, ó padà sí odò. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn."

Lẹ́yìn náà ni ayé yí padà, kò sì sọ fún un. Wọ́n la ọ̀nà tuntun gba ìhà kejì òkè. Sémíjàn dé, àwọn tí Alájì máa ń pè ní ọlọ́kadà. Ẹni tó bá ń lọ sí Mórétàn á gun alùpùpù, á fi eyín ya omi inú ọ̀rá, á mu ún, á ju ọ̀rá sígbó. Koríko hù lórí ọ̀nà àtijọ́. Àmù wà lábẹ́ igi máńgò, ó kún, ó tutù, kò sì sí ẹni tó ń kọjá. Láràárọ̀ ìyá àgbà á da ti àná nù, á tún un pọn. Á wá jókòó, á máa wo igi máńgò, òfin rẹ̀ ò sì yí padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo bá a lórí ìjókòó, ètè rẹ̀ ti sán, ahọ́n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Kò tíì mu omi láti àná. Ó wò mí, ó ní, "Kòfí, ta ló mu omi mi lónìí?"

Mo ní, "Há, Ìyá Àgbà! Ẹ sùn lọ ni? Ọkùnrin kan gbé firíìjì lé orí kọjá níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ó ń ti ìlú Nọ́sẹ̀ bọ̀. Ó mu igbá kan, ó tún bu òmíràn sínú firíìjì."

"Firíìjì!"

"Funfun. Ó ní kí n kí yín."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní kí n gbé ife wá. Ó mu ún tán, ó ní kí n tún bù ú wá.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń purọ́ fún oúnjẹ ọmọ nìyẹn, àfi pé omi ìyá àgbà ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń wá àlejò. Mo mú ṣọ́jà kan wá tó ń sunkún ìfẹ́. Mo mú obìnrin kan wá àti ewúrẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Ewúrẹ́ náà mu nínú igbá?" Mo ní, "Ó mu ún, ó sì da igbá dé padà, ẹran tó lẹ́kọ̀ọ́ ni." Mo mú Bíṣọ́ọ̀bù wá. Mo ní ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ká aṣọ sókè, ó mu, ó lá etí igbá. Ìyá àgbà ní, "Kòfí, ẹnu rẹ yìí ni wọ́n máa fi dá ọ mọ̀ ní ọ̀run àpáàdì." Ṣùgbọ́n ó mu omi rẹ̀.

Katikíìsì Bẹ̀nuà pè mí sẹ́yìn ilé ìjọsìn. Ó ní, "Kòfí, o ń purọ́ fún arúgbó tó ń lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run."

Mo ní, "Bí mi ò bá purọ́, kò ní mu omi. Nínú òfin mẹ́wàá, èwo ló ní kí n pa ìyá àgbà mi?"

"Gbàdúrà fún un."

"Mo ti gbà á, Katikíìsì. Òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́."

Ó wọ inú ilé ìjọsìn lọ. Mo tiẹ̀ gbìyànjú òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo jáde sí ọ̀nà tuntun, mo dá ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan dúró, mo mú un wá sábẹ́ igi máńgò, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi mu igbá omi kan péré. Ó ṣí àmù, ó bojú wò ó, ó fa ojú ro. "Bàbá, tánwíjí ló ń jó nínú ẹ̀ yìí." Mo ní kó bá mi fi ètè kàn án. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ èmi gan-an. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú omi inú ọ̀rá kan jáde. "Ẹ gba èyí, Bàbá. Ó mọ́. Mo fi ta yín lọ́rẹ ni."

Mo gbé omi ọ̀rá náà lọ bá ìyá àgbà. Ó ti dùbúlẹ̀ nígbà yẹn, kò lè dìde mọ́, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn da omi àmù nù. Mo ní, "Àlejò ló fi èyí ránṣẹ́ sí yín." Ó fọwọ́ pa á, ó tutù. Mo rò pé á mu ún. Ó gbé e padà fún mi, ó ní, "Báwo ni mo ṣe máa gba omi lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kí n fún lómi?"

Ìyá Yáwà wá ń jókòó tì í ní ọ̀sán. Ìjà ti tán lára wọn, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀. Mo máa ń gbé garawa omi wá síbi ibùsùn, ìyá àgbà á na ọwọ́, á fi ife bù ú sínú akèrègbè rẹ̀, ife kan, á sinmi, ife kejì, á sinmi. Kí n tó lè gbé e lọ da sínú àmù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òun ló bù ú. Yáwà wo èyí lọ́jọ́ kan títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní, "Ìyá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ kàn gbà á. Ẹ kàn gba oore-ọ̀fẹ́, kí ẹ sinmi."

Kì í ṣe ẹ̀gàn ni ìyá àgbà fi dá a lóhùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á, Yáwà? Kọ́ mi. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti fẹ́ gbà á. Mo kúnlẹ̀, mo la ọwọ́, mi ò rí i kí nǹkan kan bọ́ sí i. Omi nìkan ni mo mọ̀ pé ó wúwo lọ́wọ́ mi. Bí o bá mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á, mú mi lọ."

Yáwà tó mọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lórí ahọ́n bú sẹ́kún.

Ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, àwa mẹ́ta la wà nídìí rẹ̀. Yáwà ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Katikíìsì ṣí ìwé àdúrà. Ìyá àgbà yí ojú sí mi, ó ní, "Kòfí, ta ló mu omi mi lónìí?"

Mo ní obìnrin kan ni. Ó ti Mórétàn dé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ ẹrù, ó ṣí igbá, ó mu. Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó tẹ igbá sí i lẹ́nu, ọmọ náà mu títí omi fi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Obìnrin náà fi èyí tó kù bọ́jú. Ó wá ní, "Ta ló ni àmù yìí?" Mo ní Felísítà ni. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i, ẹ ní mo ti mu, ọmọ mi sì ti mu." Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, omijé jáde ní igun ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó tó." Ó ní kí n gbé ife wá. Ó mu ún tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sùn, kò sì jí mọ́.

Ibi tí mo ti pa irọ́ fún yín nìyẹn. Ìyá àgbà mi kò sọ pé ó tó. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu, torí mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbà á bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé ó bi mí, òtítọ́ sì ni pé mo ti ní obìnrin àti ọmọ náà lẹ́nu, mo ti ń tún un ṣe láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó fi di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Má sọ ti firíìjì fún mi. Ibi tí mo ń lọ, wọ́n máa bi mí. Ẹnì kan mu ún, àbí ẹnì kankan ò mu ún?"

Mo wo Katikíìsì. Ó ń wo ìwé rẹ̀. Mo wo Yáwà. Ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Mo ní, "Ẹnì kankan ò mu ún, Ìyá Àgbà."

Ó mi orí, bí ẹni tó ti mọ̀ tipẹ́. Mo gbé ife sí i lẹ́nu, ó pa ẹnu dé. Omi náà ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìrọ̀rí ló mu ún.